Ohun Tó Ń Pinnu Iye Èrè Tí Báńkì Ń Pín fún Àwọn Onípìn-ín

Èrè orí ìpín, tí àwọn ará ọjà ìdókòwò ń pè ní dífídẹ́ǹdì, ni apá kan nínú èrè ilé-iṣẹ́ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ tí wọ́n sì pín fún àwọn tó ni ín, kálukú gẹ́gẹ́ bí iye ìpín tó rà. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ olùdarí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 2020, tí wọ́n ń pè ní CAMA, àwọn olùdarí ló ń dá iye kan lábàá, ìpàdé gbogbogbò ọdọọdún ló sì ń fọwọ́ sí i. Ìpàdé náà lè dín iye yẹn kù, ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti fi kọ́bọ̀ kan lé e. Nítorí náà, ariwo tí àwọn onípìn-ín kéékèèké máa ń pa ní ìpàdé pé owó náà kéré kì í yí ohunkóhun padà lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ti parí nínú yàrá ìgbìmọ̀ ṣáájú, lẹ́yìn tí aṣàyẹ̀wò owó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà sì ti yẹ ìwé ìṣirò wò.

Ohun tó mú báńkì yàtọ̀ sí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tàbí ti bíà ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó fi ń ṣòwò kì í ṣe ti àwọn tó ni ín. Owó àwọn olùfowópamọ́ ni. Owó ìpìlẹ̀ tí àwọn onípìn-ín dá sílẹ̀ kéré sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí ó kọ́kọ́ gba àdánù sára bí òwò bá bàjẹ́. Bí alájọ bá pàdánù, ohun ìní tirẹ̀ ni àwọn tó ń dájọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbójú lé. Bí ó bá ti ná ohun ìní náà tán sórí ara rẹ̀, owó wọn ló wọgbó. Náírà kọ̀ọ̀kan tí báńkì bá pín jáde, náírà kan ló dín kù nínú ohun tó lè gba àdánù fún àwọn olùfowópamọ́. Ìdí nìyí tí ìjíròrò lórí èrè báńkì kì í fi í wà láàárín olùdarí àti onípìn-ín nìkan. Ẹnìkẹta wà níbẹ̀, ìyẹn aláṣẹ tó ń ṣọ́ báńkì, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń borí.

Òfin ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin báńkì ti 2020, tí wọ́n ń pè ní BOFIA, báńkì kò gbọdọ̀ pín èrè kankan kí ó tó pa gbogbo ìnáwó ìdásílẹ̀ àti àdánù tó ti kó jọ rẹ́, kí ó sì tó ya owó tó tó sọ́tọ̀ de gbèsè tó lè bàjẹ́. Ó tún gbọ́dọ̀ máa fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èrè ọdún sínú àpò ìpamọ́ kan bí àpò náà kò bá tíì tó owó ìpín tí àwọn onípìn-ín san; bí ó bá ti tó o, ìdá 15 ni. Báńkì tó jèrè bílíọ̀nù 10 náírà lẹ́yìn owó orí ti pàdánù ẹ̀tọ́ lórí bílíọ̀nù 3, tàbí ó kéré tán bílíọ̀nù 1.5, kí ìgbìmọ̀ rẹ̀ tó jókòó. Ti àdánù tó ti kó jọ ló le jù. Union Bank, tí ìjì tó jà láàárín àwọn báńkì Nàìjíríà lọ́dún 2009 gbá, lò ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ó tó tún san èrè: kọ́bọ̀ 25 lórí ìpín kan fún ọdún 2019. Báńkì náà ti ń jèrè fún ọdún bíi mélòó kan ṣáájú ìyẹn, ṣùgbọ́n ihò àtijọ́ kò tíì dí.

Èrè fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ máa ń fi ṣáájú nínú àkójọ àwọn ohun tó ń pinnu dífídẹ́ǹdì, kì í sì í ṣe àṣìṣe ńlá: báńkì tí kò jèrè kò ní ohun tó máa pín. Ṣùgbọ́n èrè orí ìwé àti owó tó ṣeé pín kì í ṣe ọ̀kan náà, ọdún 2023 sì fi èyí hàn kedere. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba tú ìdè tó wà lórí pàṣípààrọ̀ owó, náírà sì já wálẹ̀ láti nǹkan bí ₦470 sí dọ́là kan lọ sí òkè ₦750 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Báńkì tí dọ́là tó ní ju gbèsè dọ́là tó jẹ lọ rí i pé ọrọ̀ òun ti ga ní náírà láì ṣe iṣẹ́ kankan. Èrè wọn fò sókè lọ́nà tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹsàn-án, Báńkì Àpapọ̀ kọ̀wé sí wọn pé wọn kò gbọdọ̀ fi èrè àtúndíyelé yìí san dífídẹ́ǹdì tàbí fi bójú tó ìnáwó ojoojúmọ́; kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí pàṣípààrọ̀ bá tún yí padà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba àpapọ̀ fi owó orí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lé èrè pàṣípààrọ̀ tó ti di owó gidi lọ́wọ́ àwọn báńkì. Bí báńkì kan bá ti fi inú dídùn pín owó yẹn lọ́dún 2023, ibo ni ì bá ti rí èyí tó máa san fún ìjọba?

Lẹ́yìn èrè ni gbèsè tí kò wọlé. Ibí ni ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀ báńkì Nàìjíríà ti gbọ́dọ̀ dúró pẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni òfin ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Ní oṣù Kẹwàá 2014, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde tó so iye tí báńkì lè pín mọ́ ìlera rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2018, wọ́n tún un ṣe. Òṣùwọ̀n mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni ìwọ̀n owó ìpìlẹ̀ sí àwọn ohun ìní tó wà nínú ewu: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kéré tán fún báńkì tó ń ṣiṣẹ́ nínú orílẹ̀-èdè nìkan, ìdá 15 fún èyí tó ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní òkèèrè. Èkejì ni ipò ewu tí Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ fi báńkì sí. Ẹ̀kẹta ni ìdá gbèsè tí kò wọlé nínú gbogbo owó tí báńkì yá àwọn ènìyàn.

Báńkì tí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò tó ìwọ̀n kò gbọdọ̀ pín èrè rárá. Èyí tí wọ́n bá ka ewu rẹ̀ sí gíga, tàbí tí gbèsè tí kò wọlé rẹ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, òun náà kò gbọdọ̀ pín. Bí owó ìpìlẹ̀ bá tó, ṣùgbọ́n tí gbèsè náà wà láàárín ìdá 5 sí 10, tàbí tí ipò ewu bá ju ti àárín lọ, kò lè pín ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ lọ. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ wà ní ìwọ̀n yẹn kan náà, àmọ́ tí ewu rẹ̀ kéré, tí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì fi ìdá mẹ́ta ó kéré tán ju ìwọ̀n lọ, lè pín tó ìdá 75. Kìkì báńkì tí gbèsè tí kò wọlé rẹ̀ kò ju ìdá 5 lọ, tí ewu rẹ̀ kéré tàbí tó wà ní ìwọ̀nba, ni wọn kò fi òté kankan lé, wọ́n sì tún kìlọ̀ fún òun náà pé kí ó wo bí ọrọ̀ ajé ṣe rí kí ó tó náwọ́. Ìlànà náà tún ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ owó láti inú àpò ìpamọ́ pín fún onípìn-ín.

Ìdí tí Báńkì Àpapọ̀ fi mú ọ̀rọ̀ yìí le tó bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 2009, lábẹ́ Sanusi Lamido Sanusi, àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn báńkì kan ń ka gbèsè tó ti kú mọ́ èyí tó ń mú èlé wá. Wọ́n yọ ọ̀gá àgbà báńkì mẹ́jọ, wọ́n sì fi ₦620 bílíọ̀nù ti àwọn báńkì náà lẹ́yìn kí wọ́n má baà wó. Bí gbèsè bá ti kú tí ìwé sì ń pè é ní ààyè, dífídẹ́ǹdì tó bá ti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, owó olùfowópamọ́ ni wọ́n ń pín.

Bí ìlànà 2014 náà ṣe ń ta àwọn onípìn-ín hàn lára ilé-iṣẹ́ tó ni First Bank, tó ń jẹ́ FBN Holdings nígbà náà. Ó san ₦1.10 lórí ìpín kan fún ọdún 2013. Fún ọdún 2014, ó san kọ́bọ̀ 10. Èrè wà lọ́dún méjèèjì. Owó ìpìlẹ̀ tó yẹ kí ó wà nílẹ̀ ni ó ń wá, òun àti aláṣẹ tó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí gbèsè tí kò wọlé níbẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ wá sí abẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ní gbogbo àsìkò náà kò sí ọdún kan tí dífídẹ́ǹdì rẹ̀ tó kọ́bọ̀ 50.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i ní oṣù Kẹfà 2025. Láti ìgbà àrùn Kòrónà ni Báńkì Àpapọ̀ ti ń fún àwọn báńkì kan ní àmójúkúrò: gbèsè tí wọn ì bá ti kà sí èyí tó bàjẹ́, wọ́n gbà kí wọ́n ṣì kà á sí èyí tó dára, tàbí kí wọ́n yá oníbàárà kan ní owó tó ju ààlà lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà, wọ́n kéde pé báńkì tó bá ṣì wà lábẹ́ irú àmójúkúrò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáwọ́ dífídẹ́ǹdì dúró ná, kí ó má fún olùdarí àti ọ̀gá òṣìṣẹ́ ní owó ẹ̀bùn, kí ó má sì fi owó kún ẹ̀ka tó wà ní òkèèrè. Iye ìpín àwọn báńkì ńlá já lọ́jà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Zenith Bank àti ẹgbẹ́ báńkì GTCO sáré sọ fún àwọn onípìn-ín wọn pé àwọn yóò ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí oṣù Kẹfà tó parí, Zenith sì san ₦1.25 gẹ́gẹ́ bí èrè àárín ọdún. Báńkì kan kò ní pín èrè tirẹ̀ nítorí pé ìwé gbèsè rẹ̀ kò mọ́, kódà bí èrè náà bá ga dé òkè: ìpinnu yìí bọ́ sí i gan-an, ì bá sì ti dára kí ó ti wáyé ṣáájú ìgbà yẹn.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe jù lórí dífídẹ́ǹdì kò fi bẹ́ẹ̀ kan gbèsè tàbí owó ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1956, John Lintner ará Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tó ti fọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ 28 lẹ́nu wò, kọ ọ́ pé ohun tí wọ́n san lọ́dún tó kọjá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n ní ìdá kan nínú èrè tí wọ́n ń fojú sùn, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sún mọ́ ọn, nítorí pé wọ́n kórìíra kí wọ́n gbé owó náà sókè lónìí kí wọ́n sì gé e lọ́la. Zenith Bank bá èyí mu bí ẹni pé wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó san ₦2.80 fún 2019, ₦3.00 fún 2020, ₦3.10 fún 2021, ₦3.20 fún 2022. Ní 2022 yẹn, èrè rẹ̀ lẹ́yìn owó orí já láti nǹkan bí ₦244 bílíọ̀nù sí ₦224 bílíọ̀nù, síbẹ̀ dífídẹ́ǹdì fi kọ́bọ̀ 10 gòkè. Nígbà tí èrè 2023 wá di ìlọ́po mẹ́ta, tó dé ₦677 bílíọ̀nù, ₦4.00 péré ló san. Ìdá tó pín nínú èrè já láti nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún sí èyí tí kò tó 20. Ẹni tó bá wo èrè nìkan máa ní báńkì náà di ahun. Ẹni tó bá wo bó ṣe ń san án bọ̀ látẹ̀yìn máa rí i pé ìṣe rẹ̀ kò yí padà.

Ìlànà Lintner kò bo gbogbo báńkì ṣá. GTCO san ₦3.20 fún 2023, ó sì fò lọ sí ₦8.03 fún 2024, bẹ́ẹ̀ èrè rẹ̀ kò tó ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú. Ọdún yẹn náà ló gbé ìpín tuntun lọ sọ́jà.

Èyí mú ọ̀rọ̀ wá sórí ohun tí dífídẹ́ǹdì ń sọ fún ọjà. Merton Miller àti Franco Modigliani fi ìṣirò hàn ní 1961 pé bí kò bá sí owó orí, tí kò sí ìnáwó lórí káràkátà, tí gbogbo ènìyàn sì mọ ohun kan náà nípa ilé-iṣẹ́, yálà wọ́n pín èrè tàbí wọn kò pín in, iye ilé-iṣẹ́ kò yí padà. Ayé wa kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá ayé báńkì. Ta ló lè wo inú àwọn gbèsè tí báńkì yá jáde láti ìta? Owó tí wọ́n kà lé onípìn-ín lọ́wọ́ jẹ́ ẹ̀rí tí kò rọrùn láti fi tanni jẹ, ìyẹn ló sì mú kí olùdarí máa bẹ̀rù kí wọ́n gé e ju bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù àdánù lọ. Ewu wà nínú ìbẹ̀rù yìí. Láàárín 2007 sí 2008, àwọn báńkì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń san dífídẹ́ǹdì lọ bí àdánù ti ń ya wọlé, torí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dúró ni ọjà máa fura sí. Nígbà àrùn Kòrónà, àwọn aláṣẹ kò dúró wo irú èyí mọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 2020, Báńkì Àpapọ̀ Yúróòpù ní kí àwọn báńkì dáwọ́ pínpín dúró. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, àwọn báńkì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé tiwọn. Bí gbogbo wọn bá dúró pa pọ̀, kò sí ẹni tí ọjà máa nawọ́ sí. Nàìjíríà kò pàṣẹ irú èyí fún tirẹ̀.

Láàárín àwọn onímọ̀ Nàìjíríà fúnra wọn, àríyànjiyàn lórí dífídẹ́ǹdì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Lẹ́yìn òfin 1972 tó fi agbára mú àwọn òyìnbó láti ta ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wọn fún ọmọ ilẹ̀, Uzoaga àti Alozieuwa kọ ọ́ ní 1974 pé ìbẹ̀rù àti ìkorò ọkàn ló ń darí bí wọ́n ṣe ń pín èrè lásìkò náà, kì í ṣe ìṣirò. Inanga àti Soyode ta ko wọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ademola Oyejide sì fi nọ́ńbà hàn ní 1976 pé àlàyé Lintner bá àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà mu. Ibi tí àríyànjiyàn yẹn ti ṣì wúlò ni pé ó gbé ìbéèrè kalẹ̀ nípa ẹni tó ni ilé-iṣẹ́.

Ẹni tó ni báńkì ṣe pàtàkì. Jim Ovia, tó dá Zenith sílẹ̀ ní 1990, ṣì ni onípìn-ín tó tóbi jù nínú àwọn ẹni kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ẹni tó wà nírú ipò yẹn kì í fẹ́ kí owó náà gbẹ, ṣùgbọ́n òun náà ló máa kọ́kọ́ pàdánù bí báńkì bá ṣubú. Stanbic IBTC ní òbí ní Gúúsù Áfíríkà, irú òbí bẹ́ẹ̀ a sì máa fẹ́ kí èrè wálé, bí dọ́là tí wọ́n máa fi gbé e bá wà. Ti Ecobank, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lomé, tún yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ àgbà tó wà ní Lomé kì í yá oníbàárà lówó. Ohun tí àwọn ẹ̀ka káàkiri Áfíríkà bá fi ránṣẹ́ ni ó máa pín. Nígbà tí gbèsè ẹ̀ka Nàìjíríà dè é lọ́wọ́, àwọn onípìn-ín gbogbo ẹgbẹ́ náà lo ọdún bíi mélòó kan láìgba nǹkan, títí wọ́n fi tún san èrè ti ọdún 2021.

Owó orí kò fa ìyàtọ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lára dífídẹ́ǹdì kí ó tó dé ọwọ́ onípìn-ín, báńkì kan kò sì lè fi èyí yàtọ̀ sí èkejì. Ọ̀wọ́n gógó ń mú kí àwọn onípìn-ín fẹ́ owó lọ́wọ́ ju ìlérí lọ. Ọjọ́ orí báńkì náà kópa, nítorí pé èyí tó ṣì ń la ẹ̀ka sílẹ̀ nílò èrè rẹ̀ ju èyí tó ti dúró lọ.

Ètò ìgbéga owó ìpìlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024 wá dojú èrò àtijọ́ yìí rú, pé báńkì tó nílò owó ni kí ó di èrè rẹ̀ mú. Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì tó ní ìwé àṣẹ òkèèrè gbé owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé ₦500 bílíọ̀nù, ti orílẹ̀-èdè ₦200 bílíọ̀nù, ti agbègbè ₦50 bílíọ̀nù, ó sì fi ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2026 ṣe gbèdéke. Owó tí àwọn onípìn-ín san fún ìpín wọn nìkan ni wọ́n kà. Èrè tí báńkì ti fi pamọ́ láti ọdún wọ̀nyí kò sí nínú rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé báńkì tó bá di èrè mú kò fi sún mọ́ gbèdéke, àmọ́ èyí tó bá pín in dáadáa lè rí ẹni ra ìpín tuntun rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé ọdún tí wọ́n ń ta ìpín ni àwọn kan nínú wọn lawọ́ jù. Síbẹ̀ èrè tí wọ́n fi pamọ́ yẹn ṣì ń ka nínú ìwọ̀n owó ìpìlẹ̀ sí ewu, èyí tí ìlànà 2018 fi ń wọn ẹ̀tọ́ wọn láti pín.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí báńkì rẹ̀ lè san lọ́dún tó ń bọ̀, ojú ewé tí wọ́n kọ ìwọ̀n owó ìpìlẹ̀ àti gbèsè tí kò wọlé sí nínú ìwé ìròyìn ọdọọdún ni kí ó kọ́kọ́ ṣí, kí ó tó wo iye èrè tí wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú ìwé.